Ìtàn ayé Jeff Astle, agbábọ́ọ̀lù tó fi orí ṣiṣẹ́

Eastwood jẹ́ ìlú kékeré kan ní àgbègbè Nottingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú awakùsà ni. Ní ayé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ibẹ̀ ni í sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀ ní òwúrọ̀ láti lọ wa èédú, tí wọn á sì jáde pẹ̀lú ojú dúdú. Èédú náà ń bọ́ wọn, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró wọn díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ikọ́ á dé, mímí á sì di ìṣòro. Àwọn ará irú ìlú bẹ́ẹ̀ mọ orúkọ tí òfin ń pe àìsàn náà: àrùn iṣẹ́. Ìyẹn ni àrùn tí ènìyàn kó lẹ́nu iṣẹ́ tó fi ń jẹun.

Ní Eastwood yìí ni wọ́n ti bí Jeff Astle ní ọjọ́ 13, oṣù karùn-ún, ọdún 1942. Òun kò wa èédú. Bọ́ọ̀lù ni ó gbá. Síbẹ̀, nígbà tí ó kú, adájọ́ kan kọ ọ́ sílẹ̀ pé àrùn iṣẹ́ ni ó pa á, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń kọ ọ́ fún awakùsà.

Ọmọ ọdún 17 ni Astle nígbà tí ó di agbábọ́ọ̀lù tó ń gba owó oṣù nínú ẹgbẹ́ Notts County. Ní ọdún 1964, ẹgbẹ́ kan tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ wá a kàn. West Bromwich Albion ni orúkọ ẹgbẹ́ náà, ìtòsí ìlú Birmingham ni ó wà. Wọ́n san 25,000 pọ́n-ùn kí wọ́n tó rí i gbà. Owó ńlá ni èyí jẹ́ nígbà náà. Ọdún mẹ́wàá ni ó lò lọ́dọ̀ wọn. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn ní ìgbà 361, ó sì gbá góòlù 174 wọlé.

Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n fún ni orí rẹ̀. Bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti gbé bọ́ọ̀lù sókè láti ẹ̀gbẹ́ pápá, Astle á fò, á ga ju àwọn tó ń ṣọ́ ọ lọ, á sì fi iwájú orí kàn án. Bọ́ọ̀lù náà á yára wọ inú àwọ̀n bí ẹni pé ẹsẹ̀ ni ó fi gbá a. Aṣọ́lé kì í sábà rí i mú. Yorùbá gbà pé orí ni í gbé ènìyàn dé ibi ire. Ní ti Astle, orí tí a ń fojú rí, orí tí à ń dé fìlà sí, ni ó gbé e dé ibẹ̀.

Ẹni tó bá sì ní irú ẹ̀bùn yìí kì í fi í sílẹ̀ láìpọ́n ọn. Àwọn tó ń wo ìdíje ní ọjọ́ Sátidé rí ìwọ̀nba ìgbà tí ó fi orí kan bọ́ọ̀lù. Wọn kò rí ti ọjọ́ Mọ́ńdè, ti Túsìdeè àti ti àwọn ọjọ́ yòókù, níbi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń ṣe ìdánrawò. Níbẹ̀, wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù sókè, á kàn án. Wọ́n á tún gbé òmíràn, á tún kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe fún ọdún tó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Bọ́ọ̀lù ayé ìgbà náà kì í ṣe irú ti òní. Awọ màlúù ni wọ́n fi ń rán an. Òfin sọ pé nígbà tí ó bá gbẹ, kí ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín gírámù 410 sí 450. Ṣùgbọ́n òjò pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹrẹ̀ sì pọ̀ lórí pápá nígbà òtútù. Awọ náà a máa mu omi, bọ́ọ̀lù a sì máa wúwo sí i bí eré ti ń lọ. Kò sí ẹni tó ka ìyẹn sí ewu. Ọkùnrin tó bá yẹ orí fún bọ́ọ̀lù, ojo ni wọ́n ń pè é.

Ní ọdún 1966, West Bromwich gba ife ẹ̀yẹ League Cup. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ọjọ́ tó ju gbogbo ọjọ́ lọ nínú iṣẹ́ Astle dé. Ìdíje FA Cup ni. Ní ọdún náà, kò sí ìpele kan nínú ìdíje yìí tí kò ti gbá góòlù wọlé. Ní ọjọ́ 18, oṣù karùn-ún, ọdún 1968, ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé Everton ní pápá Wembley, ní ìlú London. Àwọn òǹwòran fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 100,000. Wọ́n gbá a fún ìṣẹ́jú 90, ẹnikẹ́ni kò rí ojú àwọ̀n. Wọ́n fi àkókò kún un. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré lẹ́yìn ìyẹn, bọ́ọ̀lù bọ́ sí iwájú Astle. Ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá a, bọ́ọ̀lù bá ẹni tó ń dènà rẹ̀, ó sì ta padà. Astle kò dúró. Ó fi ẹsẹ̀ òsì gbá a, bọ́ọ̀lù sì wọ igun òkè àwọ̀n. Bí West Bromwich ṣe gba ife náà nìyẹn, góòlù kan sí òdo. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé góòlù tí wọ́n fi ń rántí rẹ̀ jù lọ, ẹsẹ̀ ni ó fi gbá a, kì í ṣe orí.

Láti ìgbà náà ni àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà ti ń pè é ní Ọba. Wọ́n tilẹ̀ fi ọ̀dà kọ oyè náà sára afárá kan ní Netherton, tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ń kà.

Ní sáà ọdún 1969 sí 1970, kò sí ẹni tó gbá góòlù tó o nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ó gbá 25 wọlé. Wọ́n mú un lọ sí ìdíje Ife Àgbáyé ní Mẹ́síkò. Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹfà, ọdún 1970, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàdé Brazil, ẹgbẹ́ Pelé, ní ìlú Guadalajara. Jairzinho gbá góòlù kan wọlé fún Brazil. Wọ́n wá rán Astle wọlé láti rọ́pò ẹnì kan. Láìpẹ́, ará Brazil kan ṣe àṣìṣe, bọ́ọ̀lù sì bọ́ sí iwájú Astle, ẹnikẹ́ni kò sí lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì kan náà tó mú ife wá ní Wembley ni ó fi gbá a. Bọ́ọ̀lù náà gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá. Brazil borí. Ìgbà márùn-ún ni Astle gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, kò sì gbá góòlù kankan wọlé fún un. Àwọn tí kò mọ̀ nǹkan kan mìíràn nípa rẹ̀ mọ èyí, ìyẹn kò sì tọ́ sí i.

Ní ọdún 1974, ó fi West Bromwich sílẹ̀. Ó lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Gúúsù Áfíríkà fún ìgbà díẹ̀, ó padà wá sí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ní ilẹ̀ rẹ̀, ó sì fi eré náà sílẹ̀ ní ọdún 1977.

Owó tí agbábọ́ọ̀lù ń gbà nígbà náà kò tó èyí tí ènìyàn lè máa fi jẹun títí ọjọ́ alẹ́. Astle wá iṣẹ́ mìíràn ṣe: ó ń nu fèrèsé ilé àti ti ilé iṣẹ́. Kò tijú rẹ̀. Ó fi iṣẹ́ náà ṣe àwàdà, ó sì kọ àwàdà náà sára ọkọ̀ rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, ó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé wọ́n ń pè é wá sí ètò àwàdà kan lórí tẹlifíṣọ̀n nípa bọ́ọ̀lù, kí ó máa fi orin parí ètò náà. Olórin kọ́ ni, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín gan-an nìyẹn. Àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí ní ọdún 1968 wá mọ̀ ọ́n.

Kò tíì pé ọmọ ọgọ́ta ọdún nígbà tí ìyàwó rẹ̀, Laraine, àti àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin kíyè sí i pé nǹkan ti ń yí padà. Ní àkọ́kọ́, ìgbàgbé ni. Ẹni tí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ wá di ẹni tó ń dákẹ́. Nígbà tí ó fi máa di ọmọ ọdún 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, àwọn dókítà ti sọ pé àrùn ọpọlọ tó ń mú kí àgbàlagbà ṣarán ni. Ṣùgbọ́n Astle kì í ṣe arúgbó. Ọkùnrin tí egungun rẹ̀ ṣì le ni.

Àìsàn náà kò dúró. Ó gbàgbé orúkọ, ó gbàgbé ojú. Ó dé ibi tí kò ti mọ àwọn ọmọ tí ó bí mọ́. Ìdílé rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ní ìparí, kò mọ̀ pé òun gbá bọ́ọ̀lù rí. Wembley, Mẹ́síkò, góòlù 174, gbogbo rẹ̀ ti parẹ́. Àwọn mìíràn ní ń rántí rẹ̀ fún un.

Ní ọjọ́ 19, oṣù kìíní, ọdún 2002, ní ilé ọmọ rẹ̀, oúnjẹ há a lọ́fun, ó sì kú. Ọmọ ọdún 59 ni. Nígbà tí West Bromwich tún gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ikú rẹ̀, atamátàsé wọn, Jason Roberts, gbá góòlù wọlé, ó sì ká aṣọ rẹ̀ sókè. Àwòrán Astle ni ó wà lára aṣọ tí ó wọ̀ sí abẹ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ikú kan bá rú àwọn ènìyàn lójú, adájọ́ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó wádìí ohun tó fà á. Ọ̀rọ̀ Astle dé iwájú irú adájọ́ bẹ́ẹ̀, Andrew Haigh, ní àgbègbè Staffordshire, ní oṣù kọkànlá ọdún 2002. Dókítà tó yẹ ọpọlọ òkú wò ṣàlàyé ohun tí ó rí. Ọpọlọ náà ti bàjẹ́, ọgbẹ́ inú rẹ̀ sì dà bí èyí tí wọ́n ń rí nínú ọpọlọ àwọn akànṣẹ́ tí wọ́n ti gba ẹ̀ṣẹ́ púpọ̀ sórí. Astle kì í ṣe akànṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni ó ti kan orí rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà. Adájọ́ náà dá a pé àrùn iṣẹ́ ni ó pa á, nítorí fífi orí kan bọ́ọ̀lù léraléra.

Ó yẹ kí á mọ bí bọ́ọ̀lù ṣe lè ṣe irú èyí. Ọpọlọ rọ̀. Inú omi ni ó wà nínú agbárí. Bí ẹnì kan bá fi ẹ̀kọ tútù sínú akèrègbè tó ní omi, tí ó sì gbọ̀n ọ́n gìrì, ẹ̀kọ náà á máa gbá ara akèrègbè láti inú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé akèrègbè kò fọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ ṣe ń mì nígbà tí bọ́ọ̀lù tó ń sáré bá kan orí. Ẹ̀ẹ̀kan kì í sábà ṣe nǹkan. Ẹni náà kò ní dákú, orí rẹ̀ lè má tilẹ̀ fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, àwọn fọ́nrán tín-ín-rín inú ọpọlọ lè bàjẹ́. Ohun kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní tau á bẹ̀rẹ̀ sí í dì jọ níbẹ̀, á sì máa pa ọpọlọ náà díẹ̀díẹ̀, kódà lẹ́yìn tí ẹni náà bá ti fi eré sílẹ̀. Orúkọ tí àwọn dókítà ń pe àrùn yìí ni CTE. Kò sí àyẹ̀wò tó lè fi í hàn dájú lára ẹni tó wà láàyè. Ó di ìgbà tí ẹni náà bá kú tí wọ́n sì la ọpọlọ rẹ̀ wò.

Láti bí ọdún 1928 ni ìwé àwọn dókítà ti ń sọ̀rọ̀ nípa irú ìbàjẹ́ yìí lára àwọn akànṣẹ́. Ní ọdún 2002 kan náà tí Astle kú, dókítà kan tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, Bennet Omalu, yẹ ọpọlọ Mike Webster wò ní ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà. Webster ti gba bọ́ọ̀lù irú ti Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń forí sọ ara wọn. Omalu rí CTE níbẹ̀. Ọdún kan náà ni, ilẹ̀ méjì ni, eré méjì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ kò tíì pọ̀ nígbà náà.

Ìdílé Astle rò pé ìdájọ́ náà á yí nǹkan padà lójijì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣèlérí ìwádìí ọlọ́dún mẹ́wàá. Ọdún mẹ́wàá kọjá, ìdílé náà kò sì rí èsì kankan gbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé bọ́ọ̀lù awọ àtijọ́ ni ó fa ọ̀rọ̀ náà, pé ti òde òní fúyẹ́. Àlàyé yìí dùn gbọ́, ṣùgbọ́n kò péye. Bọ́ọ̀lù òní kì í mu omi, òótọ́ ni. Àmọ́, ìwọ̀n tí òfin fún un nígbà tí ó bá gbẹ kò yí padà, ó sì ń yára ju ti àtijọ́ lọ.

Ẹni tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú ni ọmọ Astle tó ń jẹ́ Dawn. Ní ọdún 2014, òun àti ìyá rẹ̀ gbà kí Dókítà Willie Stewart, onímọ̀ nípa ọpọlọ ní ìlú Glasgow, tún ọpọlọ bàbá rẹ̀ wò, nítorí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ pa mọ́. Stewart rí i pé CTE ni. Astle ni ó di agbábọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ní gbangba pé àrùn yìí ni ó pa. Ọpọlọ tó gbàgbé ohun gbogbo ni ó wá jẹ́rìí.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, West Bromwich ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún un. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn wọ irú aṣọ funfun tí wọ́n wọ̀ ní Wembley ní ọdún 1968. Leicester City borí wọn ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni àwọn òǹwòran bá wá. Níbẹ̀ ni ìdílé náà ti dá àjọ kan sílẹ̀ ní orúkọ Jeff Astle, láti ran àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ọpọlọ wọn ń ṣàìsàn lọ́wọ́.

Ìwádìí tí wọ́n ti ń béèrè fún wá jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2019. Stewart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka àkọsílẹ̀ ikú àwọn agbábọ́ọ̀lù 7,676 ti ilẹ̀ Scotland, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn ènìyàn tó lé ní 23,000 tí kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù. Àìsàn ọkàn kò pa àwọn agbábọ́ọ̀lù náà tó bí ó ṣe pa àwọn yòókù, nítorí eré ìdárayá dára fún ara. Ṣùgbọ́n irú àrùn ọpọlọ tó pa Astle pa wọ́n ní ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀. Ní ọdún 2021, wọ́n tún pín wọn sí ipò tí oníkálukú ń gbá. Ewu náà pọ̀ jù lára àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, tí í máa ń fi orí lé bọ́ọ̀lù kúrò nítòsí ilé. Lára àwọn aṣọ́lé, tí wọ́n ń fi ọwọ́ mú un, wọn kò rí ìyàtọ̀ tó dájú sí ti àwọn ènìyàn yòókù. Ìwádìí yìí kò sọ pé gbogbo agbábọ́ọ̀lù ni àrùn náà á mú. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó dàgbà, tí iyè wọn sì pé.

Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyí, ìròyìn ń dé nípa àwọn akọni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gba Ife Àgbáyé ní ọdún 1966. Ray Wilson, Martin Peters, Nobby Stiles, Jack Charlton àti àbúrò rẹ̀ Bobby, gbogbo wọn ni irú àrùn ìgbàgbé bẹ́ẹ̀ mú kí wọ́n tó kú. Márùn-ún nínú àwọn mọ́kànlá tó wọ pápá ní ọjọ́ náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó kò yára bí ọ̀rọ̀ ìmọ̀. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìwé kan tí wọ́n to àwọn àrùn iṣẹ́ sí, èyí tí òṣìṣẹ́ lè fi gba owó ìrànwọ́. Àrùn eruku èédú wà nínú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìdájọ́ Haigh, àrùn ọpọlọ àwọn agbábọ́ọ̀lù kò sí níbẹ̀. Àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ ni wọ́n ń tọ́jú wọn, nígbà mìíràn títí ilé á fi ṣófo.

Ní ti pápá ìṣeré, àwọn aláṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òfin. Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ ṣe é, ní ọdún 2015: wọ́n ní kí ọmọ ọdún 10 tàbí èyí tó kéré sí i má ṣe fi orí kan bọ́ọ̀lù rárá. Ní oṣù kejì ọdún 2020, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Scotland àti Àríwá Ireland ní kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ má ṣe é níbi ìdánrawò mọ́. Ní ọdún 2021, ìlànà dé fún àwọn àgbà pẹ̀lú: fífi orí kan bọ́ọ̀lù tó bá ń bọ̀ pẹ̀lú agbára kò gbọdọ̀ ju mẹ́wàá lọ nínú ìdánrawò ọ̀sẹ̀ kan. Mẹ́wàá yẹn, kò dájú pé ó tó ìdajì ohun tí Astle ń ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan.

Láti ọdún 2003 ni ẹnu ọ̀nà ńlá onírin kan ti wà ní pápá West Bromwich tí wọ́n fi sọrí rẹ̀. Àwọn tó ń lọ wo bọ́ọ̀lù ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní Eastwood, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bá ń kọ́ eré náà lónìí á kọ́ bí a ti ń sáré, bí a ti ń gbá a àti bí a ti ń fi àyà gbà á. Bí bọ́ọ̀lù bá gba òkè wá, wọ́n á ní kí ó jẹ́ kí ó balẹ̀ ná.